Ṣọ́ọ̀kì Lára Ilẹ̀kùn Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá, 1766

Ápù àkọ́kọ́ wọ ẹ̀rọ ìfúntí lónìí. Machtelt ọmọ mi ló ń da ẹṣin yí ẹ̀rọ ká, èmi ń da èso sí i. Ọwọ́ mi ti dúdú bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Bí agbọ́n ò bá ta wá pa, a óò pọn ọtí kún àgbá mẹ́jọ lọ́dún yìí. Ọdún kẹta rèé tí Dirck ọkọ mi ti kú fi wá sílẹ̀. Ó yẹ kó rí i.

Ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta láti Niu Yọ́ọ̀kì gúnlẹ̀ sí èbúté wa nírọ̀lẹ́. Ọmọ ogun ọba ló kún inú wọn, ẹ̀wù pupa bẹẹrẹ. Wọ́n ní àwọn tó ń yá ilẹ̀ dáko lókè odò ti ṣọ̀tẹ̀ sáwọn onílẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi kó ogun wá. Òjò pa wọ́n bí adìẹ. Ọ̀kan yà sọ́dọ̀ wa, sájẹ́ǹtì gàgàrà kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ àkọ̀. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Àánú ṣe mí. Mo bu ọtí ápù ọdún tó kọjá sí kọ́ọ̀bù fún un, mo ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú iná. Ó mu ún tán, ó nu ẹnu, ó ju owó bàbà kan sínú bàtà onígi tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bí gbogbo ẹni tó ń sọdá odò ṣe máa ń ṣe láti ayé Dirck. Mi ò ní kó jù ú síbẹ̀. Mi ò sì ní kó má jù ú.

Ó kí mi dáadáa kó tó lọ. Mo sọ fún Machtelt pé ọmọlúàbí ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Ọmọlúàbí kọ́.

Ẹlẹ́sẹ̀-Àkọ̀ — orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn, Pruitt ni tirẹ̀ gan-an — ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Bárékè tó wà ní odi ti jẹrà, òrùlé ò sí, wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n máa sùn sí. Iye ọmọ ogun tí ilé kọ̀ọ̀kan máa gbà ló ń kọ sára ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí nǹkan ń ha igi. Mo ṣí apá òkè ilẹ̀kùn, mo fi apá ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ní títì, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe kí ẹlẹ́dẹ̀ má baà wọlé. Ó ti kọ 6 sí i, gàdàgbà-gàdàgbà.

Mo bi í pé kí lèyí. Ó ní ọmọ ogun mẹ́fà ni, ìyá. Kí n fún wọn níbùsùn, iná, àbẹ́là, iyọ̀, àti ọtí díẹ̀. Mo ní ṣé kí n tún máa kọrin fún wọn kí wọ́n tó sùn lọ? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Kò tíì dé ojú ọ̀nà tí mo ti fi aṣọ tútù nu ún kúrò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó tún kọ ọ́. Mo tún nu ún.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Mo lọ bá Barent Slingerman, adájọ́ wa. Onírun-Àyálò ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí irun orí ẹlòmíì ló ń dé kiri. Dina, ẹrú rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ẹ̀wù pupa kan so rọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ló dé sọ́dọ̀ wọn. Àlejò ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Ilẹ̀kùn adájọ́ mọ́ nini.

Ó ka òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ́nù sí mi létí. Bárékè lákọ̀ọ́kọ́. Bí bárékè ò bá gbà wọ́n, ilé èrò àti ilé ọtí. Bí ìyẹn náà bá kún, ilé tó ṣófo àti abà. Ilé tí èèyàn ń gbé kò sí níbẹ̀. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n fẹnu ko irun náà.

Ó wá ṣí ojú-ewé. Ó húkọ́. Ilé ọtí, ó ní, kan gbogbo ẹni tó bá ń ta ọtí ápù tí wọ́n ń mu ún nínú ilé rẹ̀. Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀. "Geertruy, bàtà onígi yẹn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Òun! Òun tó ti ń mu ọtí wa lórí bẹ́ǹṣì yẹn láti ìgbà tí Machtelt ti ń rá!

Mo ní èmi ò taja. Èèyàn ń sọdá odò, òtútù ń mú wọn, wọ́n á mu, ẹni tó bá wù á fi nǹkan sílẹ̀. Ó ní sájẹ́ǹtì ti wá jẹ́rìí pé òun mu, òun san, mo sì ń wò ó. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi la ògiri, mo tún bu ọtí fún aláǹgbá.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Pásítọ̀ wàásù pé ká tẹrí ba fáwọn aláṣẹ. Mo wo fèrèsé títí ó fi parí.

Lysbet ìyàwó oníbúrẹ́dì jókòó tì mí. Ilé èrò ni ilé tiwọn, kò sí bí wọ́n ṣe lè kọ̀. Mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti fi igi ọgbà rẹ̀ dáná. Ọ̀kan ń fi bàtà sùn lórí aṣọ ibùsùn ìgbéyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sùn sí báyìí, wọ́n á sì fi àga ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń wo ìwé orin. Machtelt gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Machtelt.

Kò sí ẹni tó máa fi àga ti ilẹ̀kùn nínú ilé tèmi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo la bàtà onígi náà sí méjì, mo sun ún. Dirck ló gbẹ́ ẹ, lọ́dún tá a fẹ́ra. Mo sunkún, kí n má purọ́. Mo gbé bẹ́ǹṣì lọ sí abà.

Mo wá kéde fún gbogbo èbúté pé ẹni tí òtútù bá mú kó wá gbẹ̀bùn ọtí lójú fèrèsé, kó dúró níta mu ún. Kò sí owó o. Bàbá Teunis tó ń tukọ̀ sọdá mu tirẹ̀ tán, ó lọ, ó padà wá pẹ̀lú ẹyin adìẹ kan. Mo ní kí nìyẹn? Ó ní "Mi ò lè mu ọtí èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, Ìyá Machtelt, ojú ń tì mí." Mo lé e pẹ̀lú ẹyin rẹ̀ dé etí odò. Bàbá ọ̀ún fẹ́ kó bá mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹlẹ́sẹ̀-Àkọ̀ dé. Mo ti apá ìsàlẹ̀, mo fi ìgbọ̀nwọ́ lé e lórí. Ó ní òun gbọ́ pé mo ti sun bàtà. Àgbá mẹ́jọ tó wà nísàlẹ̀ ilé ńkọ́? Obìnrin méjì ló máa dá mu àgbá mẹ́jọ? Ó ní adájọ́ náà sọ bẹ́ẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí ọtí bá wà nínú ilé, ilé ọtí ni. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bí mo bá fúnra mi gbà, mẹ́rin ni òun á kó wá, kì í ṣe mẹ́fà. Ó ń ná mi bí ẹni ń ná ẹja.

Mo ní ẹ̀yin ọmọkùnrin yìí, ẹ ò ní ìyá nílé ni? Ó ní òun ní. Mo ní ṣé ó máa gbà fún ọmọ ogun mẹ́rin tí kò mọ̀ rí? Ó kọ 6 rẹ̀, ó lọ.

Mo fàáké kọ́rí. Mo nu ún.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

Dina wá gba ìwúkàrà fún búrẹ́dì adájọ́. Ó dúró pẹ́ ju bí èèyàn ṣe ń dúró nítorí ìwúkàrà lọ. Ó wá sọ ọ́: Onírun-Àyálò ti fọwọ́ sí ìwé náà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ sí ibi ọlọ, Machtelt nìkan ni yóò wà nílé. Ìdí tábìlì tó ti ń gbé oúnjẹ fún wọn ló ti gbọ́ ọ.

Mo bínú. Mo ní irú ayé wo lèyí, kí àjèjì wá gba ibi tí èèyàn ń sùn mọ́ ọn lọ́wọ́? Dina ní òun náà ti kúrò níbi tí òun ń sùn. Ọmọ ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọmọ ogun ló wà ní igun ilé ìdáná níbẹ̀. Orí koríko lọ́dọ̀ ẹṣin lòun ń sùn láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo ní ṣé wọ́n bi ọ́? Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá ẹja máa ń fò. "Ìyá Machtelt, ẹ̀yin ní ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ lè tì." Ó bo ìwúkàrà rẹ̀, ó lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Machtelt ní ká da ọtí náà nù. Mo kígbe mọ́ ọn. Ṣé ó mọ ohun tó ń sọ? Àgbá mẹ́jọ yẹn ni ìyẹ̀fun wa. Òun ni iyọ̀, òun ni bàtà, òun ni aṣọ ọ̀gbọ̀ tó máa gbé dé ilé ọkọ. Ká wá dà á nù nítorí Ẹlẹ́sẹ̀-Àkọ̀?

Ó ní, "Màmá, mo fẹ́ sùn nílé wa láìfi àga ti ilẹ̀kùn."

Mo lọ wá òòlù Dirck.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

N ó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bí ọwọ́ tilẹ̀ ń ro mí.

Mi ò lọ síbi ọlọ. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni èmi àti Machtelt àti Bàbá Teunis ti ń fi okùn fa àgbá gòkè láti ìsàlẹ̀ ilé. A tò wọ́n sójú ọ̀nà níwájú ilé, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Àwọn ará àdúgbò rí i, wọ́n rò pé mo fẹ́ sálọ. Wọ́n jáde. Lysbet jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

Wọ́n dé bí Dina ṣe wí. Ẹlẹ́sẹ̀-Àkọ̀ níwájú, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, Onírun-Àyálò pẹ̀lú ìwé. Nígbà tó rí mi tí mo dúró ó yà á lẹ́nu, àmọ́ ó kàwé rẹ̀: ilé opó Geertruy Hasbeek, níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí ápù. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, adájọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà, àwọn ará ẹ̀yìn ò gbọ́. Ó tún un kà.

Mo gbé òòlù. Mo gbá èdídí àgbá àkọ́kọ́ wọlé.

Òórùn yẹn! Gbogbo ìgbà ìkórè ló jáde lẹ́ẹ̀kan. Mo ń sunkún, mo sì ń gbá a. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Machtelt gba òòlù nígbà tí apá mi kọ̀, ó gbá ẹ̀kẹrin bí ẹni pé ó ti ń ṣe é láti kékeré. Ọtí ń ṣàn bí odò, ó ń lọ sí kòtò. Méjì nínú àwọn ọmọ ogun náà kúnlẹ̀, wọ́n ń fi fìlà bù ú mu! Ẹlẹ́sẹ̀-Àkọ̀ ń pariwo mọ́ wọn, wọn ò gbọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ oníbúrẹ́dì já wá láti ẹ̀yìnkùlé, mẹ́ta, wọ́n ki ẹnu bọ kòtò. Kò pẹ́ tí ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó rìn títí ó fi lọ jókòó lé bàtà Onírun-Àyálò. Adájọ́ fa ẹsẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ò dìde. Mi ò rí àdúgbò yìí kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Teunis ń pariwo pé "Ẹ kọ 6 sí i lára, adájọ́! Àyè wà níbẹ̀!"

Nígbà tí àgbá kẹjọ gbẹ, mo wọlé, mo ti apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Adájọ́, ilé ọtí dà? Ẹ wá a jáde fún mi."

Ó wo ìwé rẹ̀. Ó wo àgbá. Ó wo gbogbo èèyàn tó ń wò ó. Ó ká ìwé náà mẹ́rin, ó kì í bọ àpò, ó sì lọ láìkí ẹnikẹ́ni.

Ẹlẹ́sẹ̀-Àkọ̀ ló kù. Nọ́ḿbà tó tún wá kọ lánàá ṣì wà lára igi, mo ti mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. Mo na aṣọ tútù sí i láti orí ilẹ̀kùn. Mo ní kó nu ún. Ó nu ún, títí dé ìrù 6 náà. Bó ṣe ń dá aṣọ mi padà, ó ní, "Ìyá, ọtí yẹn dùn o, lọ́jọ́ òjò yẹn."

Mo ní mo mọ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Wọ́n kọ 6 sára abà. Òfin fún wọn ní abà, mo gbà. Mo kó koríko gbígbẹ fún wọn, mo sì mú ẹṣin kúrò níbẹ̀. Abà kì í ṣe ilé mi. Machtelt sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Ẹ̀kọ àgbàdo àti wàrà la jẹ láàárọ̀, òun náà la jẹ lálẹ́. A óò mọ̀ ọ́n jẹ dáadáa kí ìgbà òtútù tó tán.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́

Dina ò wá gba ìwúkàrà lọ́sẹ̀ yìí. Lysbet ní Onírun-Àyálò ti mọ ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ jáde nílé rẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìn-ín-ní, 1792

Machtelt rí ìwé yìí lábẹ́ àpótí aṣọ ọ̀gbọ̀. Ojú-ewé ṣì kù lẹ́yìn. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ìlà mi á wọ́. Kó wọ́.

Ọkọ Machtelt mú ìwé ìròyìn bọ̀ láti Niu Yọ́ọ̀kì. Ọba ò sí mọ́ lórí wa, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé wọ́n ti fi nǹkan mẹ́wàá kún òfin ńlá orílẹ̀-èdè yìí, nǹkan tí ìjọba ò gbọdọ̀ fi dán ẹnikẹ́ni wò. Machtelt kà wọ́n. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, ó wò mí, ó tún un bẹ̀rẹ̀: ní àkókò àlàáfíà, wọn ò gbọdọ̀ fi ọmọ ogun kankan wọ̀ sílé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé onílé gbà.

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ta ló sọ fún wọn? Ohun tí mo fi ìgbọ̀nwọ́ lé ilẹ̀kùn sọ fún Ẹlẹ́sẹ̀-Àkọ̀ nìyẹn, wọ́n kàn wọ ẹ̀wù àgbà fún un ni. Wọ́n ní ní àkókò ogun, wọ́n lè ṣe é bí òfin bá là á sílẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà ogun tá a fi lé ọba kúrò, àwọn elẹ́wù pupa wọlé, àwọn tiwa náà wọlé, kò sẹ́ni tó bi wá, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì jẹ. Síbẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́. Kò sí aṣọ tútù tó máa nu ìyẹn kúrò. Mo ní kí Machtelt bu ọtí fún gbogbo wa.

Dina wà níbẹ̀. Ìwúkàrà ló wá gbà. Ìgbà ìrúwé ọdún tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ àgbá yẹn ló tó tún yọjú sí wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì nà tán mọ́ látìgbà náà. Onírun-Àyálò ti kú. Ọmọ rẹ̀ ló jogún Dina, pẹ̀lú aago àti ẹṣin méjì. Dina ní kí Machtelt tún gbólóhùn yẹn kà fún òun. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Onílé," ó ní. "Wọ́n ní onílé."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, onílé.

Ó ní ó dáa. Ó ní àlejò dé bá ọ̀gá òun lánàá, orí koríko lòun sùn. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó bo ìwúkàrà rẹ̀ bó ṣe máa ń bò ó, ó kí wa, ó lọ.

Mo gbé kọ́ọ̀bù mi kalẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo gbá àgbá mẹ́jọ fọ́, gbogbo ayé ló ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ta ló sọ fún mi pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀? Bí kì í bá ṣe ẹnu rẹ̀, ibi ọlọ ni ǹ bá wà. Mo gba ilẹ̀kùn mi, òun ló san owó rẹ̀.

Àgbá méjìlá ló wà nísàlẹ̀ ilé báyìí, ọgbà ápù sì jẹ́ tèmi títí dé etí odò. Ọmọ Onírun-Àyálò fẹ́ràn ọgbà yẹn, ó ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì kí n tà á fún òun, mo lé e. Lọ́la n ó lọ bá a. Kó sọ ohun tó fẹ́ gbà kó tó kọ ìwé òmìnira Dina, àgbá ni o, ọgbà ni o. Machtelt ní òtútù á pa mí lójú ọ̀nà. Mo ní kó lọ di ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Yàrá ẹ̀yìn ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ sí ìta, ó sì ní àgádágodo tó dáa. Mo ti yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tèmi fún Dina. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí.